Iná Pijó Bàbá Adéfọlárìn

Bí ẹ bá dé Challenge tí ẹ bèèrè Mùstàfá, wọn yóò bi yín pé Mùstàfá wo, nítorí wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ pé Mùstàfá ríwáyà ni, ẹni tó ń tún wáyà àti iná ọkọ̀ ṣe. Ẹni tí ẹ bi yóò fi ẹnu júwe ẹ̀yìn ilé epo kan fún yín, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Abẹ́ igi máńgòrò ni Mùstàfá wà níbẹ̀, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì kan, tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, àti àpótí onígi tí wáyà oríṣiríṣi kún inú rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kò sí ohun tó ń ṣe ẹnu rẹ̀.

Ohun tó fi ń yangàn jù lọ láyé ni pé ọkọ̀ kì í padà sọ́dọ̀ òun nítorí àìsàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà, ó máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò ní ọkọ̀, ó ti sọ ọ́ rí fún ọlọ́pàá tó dá a dúró ní Dùgbẹ̀. Ọlábọ̀dé, tó ń lu ara ọkọ̀ tó tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí Mùstàfá bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun ló máa ń parí rẹ̀ fún un.

Oníbàárà pọ̀ fún Mùstàfá, ṣùgbọ́n Bàbá Adéfọlárìn kì í ṣe oníbàárà lásán. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Bàbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó wá ṣe tíṣà físíìsì n'Ìbàdàn, kò sì padà sílé mọ́, àfi bí òkú bá kú tàbí bí ìyàwó bá ń lọ sílé ọkọ. Ó kọ́ Mùstàfá ní físíìsì fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí èsì ìdánwò àṣekágbá jáde, èsì Mùstàfá rí bí ẹni pé ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ń bínú sí i. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní kó wá máa bá àwọn ta símẹ́ǹtì. Bàbá Adéfọlárìn ló sọ pé rárá, ọmọ tó mọ ibi tí iná ń gbà kọjá tó báyìí kò gbọdọ̀ lọ máa ru símẹ́ǹtì. Ó fa ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ríwáyà kan ní Òkè-Àdó, ó sì buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí oníduúró rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Mùstàfá gba òmìnira, Bàbá ló kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wá fún un, Pijó 504 aláwọ̀ eérú. Pijó yẹn náà ló ṣì ń gùn títí di òní olónìí.

Ìdí nìyí tí Mùstàfá kì í fi jókòó bí Bàbá bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ọdọọdún ni ẹran Iléyá máa ń dé ilé Bàbá ní Bódìjà, Mùstàfá fúnra rẹ̀ ló sì máa ń gbé e lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Bàbá gbé Pijó dé abẹ́ máńgòrò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì sọ ẹjọ́ ara rẹ̀ láìtíì bọ́ sílẹ̀.

"Mùstàfá, iná ọkọ̀ mi ń kú lọ. Bí mo bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́, ńṣe ló dà bí ẹni pé mò ń fi àbẹ́là wá abẹ́rẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí a tó máa lọ. Bàbá ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ring Road. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Jímọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń kúrò ní Bódìjà lọ bá àwọn akọrin ṣe ìdánrawò, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ó sì máa ń padà. Wọ́n ní kó gba awakọ̀, ó ní owó ìfẹ̀yìntì òun kò tó èyí tí ẹlòmíràn yóò máa fi wa òun kiri. Wọ́n ní kó jókòó sílé, ó bi wọ́n pé ta ni yóò tẹ dùùrù. Kò sì sí ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́ bíi tirẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí kò ti ṣí ìwé orin mọ́, orí ni ó fi ń tẹ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ a máa yìn ín gidigidi nítorí èyí.

Mùstàfá mú mítà, ó wọn iná lẹ́nu bátìrì, ó lé díẹ̀ ní fóòtì méjìlá. Ó lọ wọ̀n ọ́n lẹ́nu gílóòbù iwájú, ó bá mẹ́wàá péré. Inú rẹ̀ dùn, nítorí ó ti rí olè.

"Ẹ wò ó, sà. Fóòtì méjì ti sọnù sọ́nà. Iná ń kúrò ní bátìrì, ó ń lọ síbi súwíìsì lábẹ́ sítíárì, ó tún ń padà bọ̀ wá síwájú kó tó kan gílóòbù. Wáyà ọ̀hún sì ti gbó. Ó dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n bù ní ilé ìdáná, tí wọ́n gbé gba yàrá mẹ́ta kọjá kó tó dé iwájú àlejò. Ó gbọ́dọ̀ dà sílẹ̀ díẹ̀."

"O ṣì rántí ohun tí mo kọ́ ọ," ni Bàbá wí. Orí Mùstàfá wú.

Ó ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni pé ọba ni ó ń ṣe é fún. Ó ra rílèè méjì, àpótí kéékèèké tí kò ju ẹyọ máágì méjì tí a tò lé ara wọn lọ. Ó fa wáyà tuntun tó nípọn láti bátìrì wá sí rílèè, láti rílèè sí gílóòbù. Súwíìsì kò ru iná mọ́. Iṣẹ́ tó kù fún un ni kó ránṣẹ́ sí rílèè pé ó yá, kí rílèè sì ta iná tààrà. Nígbà tó tún wọ̀n ọ́n, méjìlá tó wà lẹ́nu bátìrì ló dé ẹnu gílóòbù. Ó gbé Pijó fún Bàbá, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún gbogbo èèyàn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, Pijó padà dé.

Ọlábọ̀dé ló kọ́kọ́ rí i tó ń yà bọ̀. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó fa bẹ́ǹṣì kan, ó sì jókòó kó lè gbádùn ara rẹ̀. "Alhaji, àìsàn kan náà ni, àbí òmíràn?"

Kan náà ni. Bàbá ní iná sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tó, òun kò rí ẹ̀bá títì. Ojú ti Mùstàfá. Ó lọ sí Dùgbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ra irú gílóòbù ńlá tí àwọn tó ń fi òru rìn lọ sí Ṣakí máa ń fi sínú ọkọ̀ wọn, nítorí ààrin igbó ni wọ́n ń gbà, kò sí ọlọ́pàá, kò sí aládùúgbò. Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, ó kọjú Pijó sí ògiri ilé epo, ó tan iná. Ọlọ́dẹ ilé epo fi fìlà bo ojú, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí òun ṣe fún wọn. Bàbá dúró ti ọkọ̀, ó tẹjú mọ́ ògiri fún ìgbà díẹ̀.

"Ó tún dáa díẹ̀," ni ó wí.

Díẹ̀? Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi tíṣà rẹ̀ pé kí ni ó túmọ̀ sí? Ó ní kí Ọlọ́run mú wọn délé.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá kàn yà láti wá dúpẹ́ ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, inú rẹ̀ dùn.

"Mùstàfá, ará Ìbàdàn ti wá níwà o. Láti ìgbà tí o ti ṣe iná yìí, bí mo bá ti jáde lálẹ́, láti Mọ́kọ́lá títí dé Ring Road, gbogbo ọkọ̀ tó bá pàdé mi ló ń fi iná kí mi. Wọn á ṣẹ́ ẹ, wọn á tún un ṣẹ́. Èmi náà a sì juwọ́ sí wọn. Mo rò pé àwọn tí mo kọ́ níwèé ni."

Mùstàfá wo Ọlábọ̀dé, Ọlábọ̀dé wo ilẹ̀. Kò sí awakọ̀ kankan n'Ìbàdàn tí kò mọ ohun tí irú iná bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Àwọn tí iná ńlá yìí wọ̀ lójú ni wọ́n ń ṣẹ́ iná, wọ́n sì ń fi ìyá Bàbá bú u láti ojú fèrèsé ọkọ̀ wọn. Bàbá sì ń juwọ́ sí wọn.

Nígbà tí Bàbá dìde láti máa lọ, Ọlábọ̀dé pe Mùstàfá sí iwájú Pijó. Ọ̀dà ofeefee kan wà lára bọ́ńpà lápá òsì, ó fà gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Mùstàfá rọra bi Bàbá léèrè.

"Géètì ilé ni," ni Bàbá wí. "Mo fara kàn án díẹ̀ níjọ́sí."

Mùstàfá mọ géètì náà. Ogún ọdún ni ó ti ń gba ibẹ̀ gbé ẹran Iléyá wọlé, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ó ní àwọ̀ ofeefee n'Ìbàdàn. Ó kàn ní, "Ẹ máa lọ pẹ̀lẹ́, sà," ó sì dúró síbẹ̀ títí Pijó fi wọ inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, fóònù rẹ̀ dún. Màmá Bọ́láwùmí ni, ìyàwó Bàbá. Ohùn Màmá kéré, bí ohùn ẹni tó sá sínú ilé ìdáná láti tẹlifóònù.

"Mùstàfá ọmọ mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ ọ́."

"Ẹ má bẹ̀ mí, mà. Kí ló dé?"

"Iná ọkọ̀ Bàbá yìí. Ṣé o ò lè bà á jẹ́ fún mi?"

Mùstàfá rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Màmá tún un sọ. Ó ní kó yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀, kí iná má lè tàn mọ́ rárá, kó wá sọ fún Bàbá pé irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, kí bàbá arúgbó lè fìdí mọ́lé lálẹ́. Ó ní níjọ́sí tí Bàbá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó kí òpó iná ẹnu ọ̀nà wọn pé ẹ káalẹ́.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn pé ojú wọn ni?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí nígbà tó ṣi àpótí ìwé mú fún ìlẹ̀kùn, mo bá ní gílóòbù pálọ̀ ni kò mọ́lẹ̀ tó. Mo pààrọ̀ gílóòbù. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní wọn kò tẹ ìwé ìròyìn dáadáa ni. Nígbà tó wá di ti ọkọ̀, èmi náà ni mo sọ fún un pé iná ọkọ̀ ni."

Ẹ ò rí i bí ọ̀wọ̀ ṣe ń sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀. Ìyàwó ní gílóòbù ni, ìjọ ní ọpọlọ pípé ni, ríwáyà ní wáyà ni. Gbogbo wọn fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sì sí ẹni tó sọ òótọ́ fún un nínú wọn. Nílẹ̀ wa, a lè sọ fún àgbà pé ilé rẹ̀ ń jó. Pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ìyẹn ni ẹnikẹ́ni kò mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Mùstàfá kò lè jẹun. Zùwáírátù, ìyàwó rẹ̀ tó ń ta bàtà ọmọdé ní Àpáta, gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀, ó sì fẹ́ gbọ́ ìdí. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ lọ sọ fún wọn," ni Zùwáírátù wí.

"Ìwọ ò mọ Bàbá. Ẹni tó ṣe oníduúró fún mi! Ẹnu mi ni yóò ti jáde pé wọn ò ríran?"

"Ta ló fi iná ńlá yẹn sínú ọkọ̀ wọn?"

"Èmi ni."

"Bí wọ́n bá fi gbá ọmọ ẹlòmíràn pa ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn."

Ó sùn, àmọ́ oorun náà kò wọra.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Mùstàfá kírun tán, ó padà sábẹ́ máńgòrò láìbọ́ jálàbíà funfun tó wọ̀, nítorí ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni Pijó yà wọlé. Bàbá ń lọ sí ìdánrawò.

"Mùstàfá, iná yìí ò tíì tó mi. Ṣé kò sí gílóòbù tó ju èyí lọ?"

"Èyí tó bá ju èyí lọ, sà, ti pápá bọ́ọ̀lù ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Mùstàfá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Bàbá má pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tan iná iwájú, ó ki ẹnu mítà méjèèjì bọ ẹ̀yìn gílóòbù. Ó wá na mítà sí Bàbá tó ti bọ́ sílẹ̀.

"Sà, ẹ bá mi kà á. Ẹ̀yin ni tíṣà."

Bàbá gbà á. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó yí ẹ̀yìn sí òòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí i. Nọ́ńbà inú mítà náà tóbi tó àtàǹpàkò ọmọdé.

"Mẹ́jọ," ni ó wí. "Mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Ṣé o wá rí i? Iná ṣì ń sọnù sọ́nà."

Mẹ́tàlá ó lé ni. Ọlábọ̀dé tó ti wá dúró lẹ́yìn wọn rí i, ó yí padà lọ síbi òòlù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lù ú. Mùstàfá mọ ọ̀nà tó rọrùn. Kó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, sà," kó lọ wá wáyà mìíràn fà, kí ayé máa lọ bó ṣe ń lọ. Ọ̀nà yẹn ni gbogbo wọn ti ń tọ̀ bọ̀.

"Mẹ́tàlá ni, sà."

"Mẹ́jọ ni mo rí."

"Mo mọ̀, sà. Mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀."

Bàbá dá mítà padà fún un. "Mítà rẹ ti bàjẹ́."

"Mítà ò bàjẹ́, sà. Iná ò sì bàjẹ́. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni iná ti dáa. Ojú yín ni, sà. Ẹ jẹ́ ká lọ tọ́jú ojú yín."

Ojú Bàbá le. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní kíláàsì yóò rántí ojú yẹn. "Èmi lò ń sọ fún ní gbangba, lójú ẹni tó ń lu páànù, pé mo ti fọ́jú?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"O ti sọ ọ́. O ṣeun." Ó kọrí sí ìlẹ̀kùn ọkọ̀, ó fi ọwọ́ wá ibi tí wọ́n ń fà, ó wọlé, ó pa ìlẹ̀kùn dé. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́. Àwọn ọmọ tó ti ilé kéú dé ń sọdá títì lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú ilé epo.

Ọwọ́ Mùstàfá ṣáájú ọkàn rẹ̀. Ó nawọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ó já wáyà kọ́ìlì yọ. Pijó mí gbọ̀n-ọ́n, ó kú. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, ó tún un yí, ẹ́ńjìnnì ń ké, kò mú.

"Mùstàfá, kí lo yọ?"

"Wáyà kọ́ìlì, sà."

"Fi í padà."

Mùstàfá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn pẹ̀lú wáyà náà, bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ká máńgòrò mọ́ lọ́wọ́. "Mi ò lè fi í padà, sà."

Láti ogójì ọdún tó ti mọ ọkùnrin yìí, kò sọ "mi ò" fún un rí. Ẹnu ya òun náà gan-an. Ẹ̀rù bà á, ó dọ̀bálẹ̀ gbọrọjọ sórí iyanrìn tí epo ọkọ̀ ti rin, jálàbíà funfun tòun ti gbogbo rẹ̀.

"Ẹ ṣe mí bó bá ṣe wù yín, sà. Ẹ nà mí tí ẹ bá fẹ́. Èmi ni mo fi iná tó lè pààyàn sínú ọkọ̀ yín. Àwọn tí ẹ ní wọ́n ń kí yín, wọn ò kí yín, èébú ni wọ́n ń bú yín. Géètì yín ò ní àwọ̀ ofeefee, sà. Kẹ̀kẹ́ lẹ fara gbá, a ò sì mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá pa ọmọ kan, ẹ̀yin kọ́ ni Ọlọ́run máa kọ́kọ́ bi. Èmi ni."

Bàbá di sítíárì mú, ó ń wo iwájú, níbi tí àwọn ọmọ kéú ti ń kọjá. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná ń dún kẹ́-kẹ́ bó ṣe ń tutù.

"Bọ́láwùmí mọ̀?"

"Màmá mọ̀, sà."

"Àwọn akọrin ńkọ́?"

"Mi ò lè sọ, sà. Ṣùgbọ́n ta ni ò ní mọ̀?"

"Gbogbo yín mọ̀." Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Gbogbo yín mọ̀, ẹ sì fi mí sílẹ̀ kí n máa wakọ̀. Mùstàfá, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ. Mi ò kọ́ ọ pé kí o máa bọ̀wọ̀ fún mi títí tí n ó fi pààyàn."

Omi bọ́ lójú Mùstàfá níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ó dùn ún ju ẹgba lọ, nítorí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó rí i tí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, tí bàtà Bàbá kan ilẹ̀. Ó rí i tí Bàbá gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó ń fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ yí ká títí tó fi dé ìlẹ̀kùn kejì, tó ṣí i, tó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀.

"Dìde nílẹ̀," ni Bàbá wí látinú ọkọ̀. "O ti ba jálàbíà yẹn jẹ́. Fi wáyà yẹn padà kí o wá wà mí lọ, àwọn akọrin ń retí mi."

Báyìí ni Alhaji Mùstàfá ṣe di awakọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gba oṣù méjì kí wọ́n tó dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún Bàbá, nítorí dókítà ní awọ funfun ti bo ẹyin ojú méjèèjì, wọn yóò ṣe ọ̀kan, wọn yóò sinmi, kí wọ́n tó ṣe èkejì. Nínú gbogbo àkókò yẹn, bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun àti ti Jímọ̀, Mùstàfá á ti àpótí rẹ̀ pa, á gba Bódìjà lọ. Ó ti pààrọ̀ gílóòbù ńlá yẹn? Rárá o, ó gbàgbé ni. Ó ń wa ọkọ̀ náà lọ lálẹ́, wọ́n ń bú ìyá òun náà. Bí Bàbá bá wọlé lọ tẹ dùùrù, Mùstàfá á kírun rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á jókòó, á máa gbọ́. Kò pẹ́ tí Zùwáírátù fi dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Alhaji, ta ni ń kọ orin onígbàgbọ́ nínú ilé mi?"

"Ohùn orin lásán ni," ni Mùstàfá dáhùn. "Mi ò mọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀."

Màmá Bọ́láwùmí ní tirẹ̀ kò dákẹ́ àdúrà fún un. Ó jọ pé òun àti Bàbá ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wọn nínú ilé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, nítorí nígbà tí Mùstàfá dé ibẹ̀ ní Ìṣẹ́gun, ojú Màmá ti wú, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, Bàbá sì jẹ́ kó di òun lọ́wọ́ mú dé ìdí ọkọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ojú kejì tán tó sì ti jinná, tí dókítà ti ní kò séwu mọ́, Pijó aláwọ̀ eérú yà wọ abẹ́ máńgòrò ní agogo mẹ́wàá. Bàbá nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó wọ gíláàsì dúdú ńlá kan tó mú un dà bí ọ̀gá ọlọ́pàá inú, ó sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

"Mùstàfá, ta ló fi irú iná yìí sínú ọkọ̀ mi? Mo tàn án lálẹ́ àná nínú ọgbà, àwọn aládùúgbò rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Yọ ọ́ kúrò kíá. Ṣé o fẹ́ fọ́ ojú àwọn èèyàn ni?"

Ọlábọ̀dé sọ òòlù sílẹ̀, ó sì lọ dúró lẹ́yìn igi kó lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Mùstàfá ní òun ti gbọ́, sà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń wo inú ẹ́ńjìnnì.

"Kí nìyí? Ṣé bí o ṣe ń so wáyà látọjọ́ yìí nìyí? Wo tépù tí o lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀gbẹ́ kan fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan tín-ín-rín. Mo ti ń sọ fún gbogbo Bódìjà pé kò sí ríwáyà tó mọ́ tónítóní bíi tìrẹ."

"Màá tún un ṣe, sà."

"O gbọ́dọ̀ tún un ṣe."

Mùstàfá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi rílèè sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí rílèè kò jẹ̀bi nǹkan kan. Ó yọ gílóòbù Ṣakí méjèèjì, ó fi èyí tó mọ níwọ̀n síbẹ̀, ó tú tépù náà, ó tún un lẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó ṣàkíyèsí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ pé Bàbá kò ṣàríwísí mọ́. Ó gbójú sókè. Bàbá kò wo ọkọ̀ mọ́, òun ni ó ń wò.

"Mùstàfá."

"Sà."

"Gbogbo irùngbọ̀n rẹ ti funfun."

"Ó ti pẹ́, sà."

"Mi ò mọ̀." Bàbá súnmọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ kan. "Gbogbo bí o ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí, ọmọ tí mo fà lọ́wọ́ lọ sí Òkè-Àdó ni mò ń rí. Ìgbà wo lo dàgbà tó báyìí?"

Ó yọ gíláàsì dúdú náà kúrò lójú kó lè rí i dáadáa. Mùstàfá dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú tépù lọ́wọ́, ó sì jẹ́ kó wo òun.